Bí Mo Ṣe Ru Ẹkún Ìyá Mi Wálé

Ẹ sún àpótí mi sábẹ́ ìbòòji, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń pa ẹ̀pà jẹ lẹ́yìn yẹn kó sinmi. Ìtàn mi kì í jáde níbi tí ẹ̀pà bá ti ń ró. Èmi tí mo ti bú ẹkùn lẹ́nu ihò rẹ̀, tí ẹkùn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, n kò ní bá ẹlẹ́pà du ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ alẹ́ mi.

Inú ń bí mi lónìí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun kò mọ̀. Ilé Oyèlàmí ni gbogbo wa ti ń bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ pàdánù ọmọ, ẹ wọlé tọ̀ ọ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹni tó bá ti wọlé á ní kó panu mọ́, á ní kó má sunkún, á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Obìnrin náà ń mi orí, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú, ẹ̀yin sì jáde síta, ẹ ní ó ṣe akin. Mo mọ ibi tí irú ojú gbígbẹ yẹn ń gbéni lọ, nítorí mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi dé ibẹ̀. Ìtàn ibẹ̀ ni ẹ ó gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ọ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Èmi Ọdẹ́jìnmí, a kò tíì já mi lẹ́nu ọmú tí mo ti ń ṣọdẹ aláǹgbá. Àwẹ̀ró ni ìyá mi, obìnrin tó ń kọrin bó bá ń gúnyán, tí ọmọ odó á máa gbè é lẹ́sẹ̀. Ó bí mi, ó bí Ayọ̀ká àbúrò mi obìnrin lé mi, lẹ́yìn náà inú dákẹ́. Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pọn ọmọ-ọmọ ló tó tún bí Dúródọlá, ọmọbìnrin pupa kékeré kan tó fẹ́ràn omi ju oúnjẹ lọ. Ìyá mi wá agbè kékeré kan fún un, òun ló fi ń tẹ̀lé e lọ sódò, tó bá fi máa délé, ìlàjì á ti dà sí i lára. Ní àkókò tí a ń kórè ẹ̀gúsí ni ibà gbé e dè. Kí ìkórè tó parí, ọmọ náà ti lọ.

Ẹ mọ àṣà wa. Òbí kì í sin ọmọ. Àwọn géńdé àdúgbò ló gbé e lọ, wọn kò sì jẹ́ kí ìyá mi mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ńlá, ló jókòó ti ìyá mi. Òun ló ń ṣe olórí ilé wa, bàbá mi kàn ń bá a jẹ́ orúkọ náà ni. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó kó aṣọ ọmọ náà, ó mú agbè kékeré yẹn, ó gbé gbogbo rẹ̀ kúrò lójú ìyá, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ Dúródọlá nínú agbo ilé mọ́. Ìyá mi ṣe àmín sí gbogbo àdúrà, kò sunkún, gbogbo ìlú sì yìn ín.

Ìyìn yẹn kò tíì tutù tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi pọn omi dé lọ́jọ́ kan, ó gbé agbè sọ̀, ó sì da gbogbo omi náà sílẹ̀ láàrin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé agbè sókè sí oòrùn, ó ń yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó ń fi ìka tọ ara agbè náà kiri. Ó wá bi wá léèrè pé, “Agbè ò fọ́, àbí?” A dá a lóhùn pé kò fọ́. Ó gbé e, ó padà sódò, ó pọn òmíràn wá, ó tún dà á.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò ní parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà sú wa. Ó da omi sórí iná ọbẹ̀. Ó da omi sórí ẹní tí a fẹ́ sùn lé. Ó da omi sínú ẹ̀tù ìbọn mi, ẹ̀tù di ẹrẹ̀, èmi ọdẹ wá ń sá fún ọ̀kẹ́rẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá sì ti dà á, ìbéèrè kan náà ni, a ó sì fi ìdáhùn kan náà dá a lóhùn, ní ohùn tó ń le sí i lójoojúmọ́. Kì í jẹun mọ́, kì í kọrin mọ́, irun rẹ̀ di ìtẹ́ ẹyẹ. Wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tó pa òwe yẹn gbàgbé láti sọ pé kò ṣeé ní ní ìyá pẹ̀lú.

Ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ìdílé ọkọ àfẹ́sọ́nà Ayọ̀ká ránṣẹ́ pé àwọn ṣì ń rò ó. Bàbá mi kó lọ sí oko, ó ní ọ̀bọ ń jẹ àgbàdo òun, bẹ́ẹ̀ a kò gbin àgbàdo lọ́dún yẹn rárá. Ayọ̀ká ń nu ilẹ̀ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ní kó sinmi, á ní kí n gba aṣọ ìnulẹ̀ náà bó bá ń dùn mí. Àwọn ará ìta ń wá kí wa, ojú wọn kì í sì í kúrò lára ìyá mi, wọn á jókòó títí wọn á fi rí ibi tó da omi. Ẹni tó bá rí i lójú ara rẹ̀ á dìde, á ní kí Ọlọ́run wò ó, á sì yára lọ ròyìn.

Nígbà tó yá, Ìyá Ńlá pe ìpàdé ẹbí. Ó ní òun ti bá alágbẹ̀dẹ sọ̀rọ̀. Alágbẹ̀dẹ yóò rọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, yóò gbé e wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, a ó sì so ìyá mi mọ́ òpó ẹ̀yìnkùlé kí ọwọ́ rẹ̀ má baà tó omi mọ́. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rẹ̀. Ayọ̀ká bú sí igbe, ó ní bí wọ́n bá so ìyá òun bí ewúrẹ́, òun yóò bọ́ sínú kànga. Bàbá mi tó ti oko dé fún ìpàdé yíjú sí mi.

Ó ní, “Ọdẹ́jìnmí, ìwọ lo máa ń yangàn pé kò sí igbó tí o kò lè wọ̀. Ó dára. Wọ èyí tí ìwòsàn ìyá rẹ wà, kí irin yẹn tó dé.”

Bó ṣe di pé gbogbo wọn ń rán mi nìyẹn. Bàbá mi ní kí n já ewé tí yóò mú orí rẹ̀ padà wá. Ìyá Ńlá ní kí n wá ohun tí yóò pa ìbéèrè yẹn mọ́ ọn lẹ́nu. Ayọ̀ká ní kí n ṣáà wá ohun tí yóò jẹ́ kó sùn. Kò sí ẹni tó bi ìyá mi pé kí ló fẹ́. Nígbà tí mo yá ẹ̀tù gbígbẹ, tí mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, tí mo ń jáde, ó da agbè omi sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní, “Agbè ò fọ́, àbí?” Mo ní, “Kò fọ́, ìyá mi, kò fọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ.” Ó wò mí bí ẹni tí mo parọ́ fún lójúkojú, ó sì wọlé.

Igbó Agbọ́mádàáhùn ni mo gbà lọ. Ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀, kí nǹkan ṣe ìyá òun náà. Ohun tí mo lè sọ ni pé bí ènìyàn bá kígbe níbẹ̀, igi á gbọ́, òkúta á gbọ́, kò sì ní sí ohun tí yóò dáhùn. Mo kọrin ọdẹ, orin náà jábọ́ síwájú mi bí èso tó rà.

Níbi tí igbó ti di ni mo ti pàdé iwin kan tó ń jẹ́ Ẹnukára. Ẹ̀yin rí ìrísí ẹni yìí? Kò ní ojú, kò ní imú, ẹnu nìkan ló wà lára rẹ̀ láti àtàrí dé gìgísẹ̀, gbogbo ẹnu náà ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó yàgò fún mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dà mí láàmú. Àṣìṣe mi ni pé mo sọ ọ́. Ẹnu iwájú orí rẹ̀ ní kí a fi ata sí ìyá mi lójú. Ẹnu àyà rẹ̀ ní kí a mú un lọ sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Ẹnu ìgbọ̀nwọ́ ní òun mọ ẹnì kan tí tirẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu kan wà ní ìdodo rẹ̀ tó ní ìyá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á, ó yẹ kó ti gbàgbé. Gbogbo wọn ló ń sọ pẹ̀lẹ́ láàrin ọ̀rọ̀ wọn. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo, tiwọn kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Inú bí mi, mo gbé ìbọn sókè. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí nímọ̀ràn ibi tí mo máa yìn ín sí. Ọ̀kan ní kí n gbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀. Òmíràn ní kí n mí sínú kí n tó fà á. Ọ̀kan tilẹ̀ ní bàbá òun kì í yìnbọn báyìí. Mo yìn ín, ẹnu tí ọta bá gbé ọta mì, ó ní iyọ̀ kò tó o. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó kún etí mi dé góńgó.

Bó ti sú mi tán, mo jókòó, mo dáná, mo sun iṣu. N kò fèsì kankan mọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, n kò wo ọ̀dọ̀ wọn, mo ń fi ọ̀bẹ họ eérú lára iṣu. Ẹnu tí a kò bá dá lóhùn kì í pẹ́ gbẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé níkọ̀ọ̀kan, láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀, títí iwin náà fi rọra jókòó, tó ń hanrun. Ẹnu kan péré ló ṣẹ́ kù, èyí tó wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀, kékeré, eruku ti bò ó. Mo ṣe tán láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó bi mí léèrè pé kí ni ìyá mi fúnra rẹ̀ ń sọ.

Mo ní ó ń béèrè bóyá agbè fọ́.

Ó ní kí ni a fi dá a lóhùn.

Mo ní a sọ fún un pé kò fọ́, nítorí kò fọ́ lóòótọ́, èmi fúnra mi yẹ ìdí agbè náà wò.

Ẹnu gìgísẹ̀ pòṣé. Ó pòṣé tó fi jẹ́ pé èmi ọdẹ ni mo wojú ilẹ̀. Ó ní kí n tọ ibi tí ilẹ̀ bá ti gbẹ jù, kí n má yà, ó sì pa dé.

Mo tọ ilẹ̀ gbígbẹ títí mo fi dé ìlú kan tó ń jẹ́ Ojúgbẹ. Àwọn ará ìlú náà sanra láyà àti nínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń rìn, nǹkan á máa mì gbọ̀ngbọ̀n nínú wọn bí omi inú àmù tí wọ́n ń gbé. Ẹ̀rín ló wà lójú gbogbo wọn. Ìkíni wọn ni “Kò tó nǹkan,” ìdáhùn sì ni “Ó ti tán.” Mo fẹsẹ̀ kọ òkúta lẹ́nu ibodè, èékánná mi ṣí kúrò, mo ké. Ni wọ́n bá yí mi ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò tó nǹkan, kí n má ké mọ́, àwọn ẹlòmíràn kò lẹ́sẹ̀. Èékánná mi wà nílẹ̀ níwájú mi, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, èmi náà wá ń mi orí, mo ń ní ó ti tán. Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí ni nǹkan kan dà gbọ̀rọ̀ sínú àyà tèmi náà. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ tí erin lé mi gun igi lọ.

Mo sá kọjá láàrin wọn, mo já sí ìdí igi ńlá kan ní òpin ìlú. Ìyá arúgbó kan jókòó níbẹ̀. Òun nìkan ni ojú rẹ̀ tutù nínú gbogbo ìlú náà, omi ń ṣàn lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì nù ún. Agbè ló so kọ́ gbogbo ẹ̀ka igi náà, ńlá àti kékeré, ìda ni wọ́n fi dí ẹnu wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo wá ìwòsàn ìyá mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ já àlọ́ kan fún òun: ẹrù kan wà, ẹni tó rù ú kò rí i, bó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ilẹ̀ á tutù, ẹni náà á sì fúyẹ́.

Mo ní òjò ni. Ó ní rárá. Mo ní ìrì ni. Ó ní rárá. Mo ní ọmọ tó tọ̀ sẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní rárá. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, kí ló dé tí ẹ kò já a? Mo já a títí gbogbo nǹkan tó tutù láyé fi tán lẹ́nu mi. Ọjọ́ ọjà ń bọ̀, alágbẹ̀dẹ ń fẹ́ná, arúgbó yìí sì jókòó, ó ń ní rárá.

Sùúrù mi já. Mo ṣí fìlà, mo là á mọ́lẹ̀. Mo ní kí ló kàn mí pẹ̀lú àlọ́. Mo ní ìyá mi ti da omi sí gbogbo ohun tí a ní, ẹ̀tù mi ti bàjẹ́, bàbá mi ń ṣọ́ àgbàdo tí kò sí, wọn kò fẹ́ gbé Ayọ̀ká níyàwó mọ́, Ìyá Ńlá fẹ́ fi irin so ìyá mi. Mo ní ó ti rẹ̀ mí láti máa dá ìbéèrè kan ṣoṣo lóhùn. Mo ní gbogbo rẹ̀ kò bá má ti rí báyìí ká ní Dúródọlá kò lọ, ọmọ tó ń tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà oko, tó ń pè mí ní Ọdẹ́ mi. Orúkọ náà kò tíì jáde lẹ́nu mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Bó ti jáde, mo jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo sì sunkún. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ọkùnrin kì í sunkún, ìbọn mi nìyí lórí orókún mi, kó sọ ọ́ fún un.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ilẹ̀ iwájú mi ti tutù. Arúgbó náà ní mo ti já àlọ́ òun. Ó nàka sí agbè kékeré kan lórí igi tó ń fì lófìfo nínú afẹ́fẹ́, ó ní tèmi nìyẹn. Ó ní ẹkún tí ènìyàn bá gbé mì kì í sọnù, ibí ni wọ́n ń kó o wá kọ́. Ó wá gbé ti ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ fún mi. Agbè náà tóbi, ó kún dé ẹnu, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á.

Bí mo ti ń yíjú ni mo rí ẹ̀ka kan lẹ́yìn igi náà. Agbè ló kún ún láti ìdí dé ṣóńṣó rẹ̀, wọ́n ti pẹ́, eruku bò wọ́n, ẹ̀ka náà sì ti tẹ̀ débi pé ó ń wọ́lẹ̀. Mo bi í pé ìlú wo ló ni èyí. Ó ní, “Obìnrin kan ló ni ín. Ìyá Ńlá ni ẹ ń pè é nílé yín.” N kò mọ̀ pé Ìyá Ńlá bímọ rí.

Arúgbó náà wá kìlọ̀ fún mi. Ó ní kí n gbé agbè náà lé ìyá mi lọ́wọ́. Yóò béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún un pé kò fọ́ ni kó dá a lóhùn, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Bí onítọ̀hún bá tún sọ pé kò fọ́, ẹkún náà yóò padà síbí, kò sì sí ọdẹ tí yóò tún rí i gbé sọ̀, ìyá mi yóò máa da omi títí ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò fi tán.

Ó yá mi lára láti bá ẹfọ̀n jà nínú ẹrẹ̀ ju kí n dúró de ẹnu Ìyá Ńlá lọ. Mo gbéra. Mo kọjá láàrin ará Ojúgbẹ, wọ́n ní kí n sọ ẹrù náà nù, kò tó nǹkan. Mo kọjá lọ́dọ̀ Ẹnukára, ó ti jí, ó ní a kì í fi orí ru agbè báyìí. N kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Omi náà ń mì lórí mi, ó ń ro mí lọ́rùn, gbogbo ìgbà tó bá sì mì ni mò ń gbọ́ ohùn ìyá mi nínú rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà ni mo wọlé, ọ̀sán pọ́n. Alágbẹ̀dẹ wà láàrin agbo ilé, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ìsàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé èyí tí kò fẹ́ lé lọ́wọ́. Bàbá mi jókòó, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ayọ̀ká di ìyá mi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, Ìyá Ńlá sì ń sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀. Ìyá mi nìkan ni kò wo irin náà. Agbè orí mi ló ń wò.

Mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sókè sí oòrùn bó ti máa ń ṣe, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó fi ìka tọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e ga ju orí rẹ̀ lọ, ó sì là á mọ́lẹ̀. Agbè náà fọ́ yángá, omi rẹ̀ tàn ká gbogbo agbo ilé, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyá mi kọjú sí Ìyá Ńlá.

“Agbè ò fọ́, àbí?”

Ìyá Ńlá la ẹnu. Mo rí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń bọ̀, ọ̀rọ̀ tó ti sọ fún gbogbo ọlọ́fọ̀ ìlú wa láti ìgbà èwe mi. Ó ní, “Omi ló…” Omi náà sì kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀. Arúgbó ìdí igi ti ní n kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní ìdáhùn, kò ní n kò gbọ́dọ̀ ròyìn ohun tí mo rí. Mo ní, “Ìyá Ńlá, mo rí ẹ̀ka tiyín níbi tí mo lọ. Ó ti tẹ̀ kanlẹ̀.”

Kò bi mí pé ẹ̀ka kí ni. Lẹ́yìn náà, àgbàlagbà obìnrin tí gbogbo agbo ilé ń kúnlẹ̀ kí, ó kúnlẹ̀ sínú omi níwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀.

Ó ní, “Ó fọ́, ìyàwó mi. Ó ti fọ́. Tèmi náà fọ́, wọ́n sọ fún mi pé kò fọ́.”

Ìyá mi ní, “Dúródọlá.” Ó tún un pè. Ẹkún tó tẹ̀lé e, n kò lè sọ ọ́ fún yín, ẹ máa bá mi lọ. Alágbẹ̀dẹ sọ irin sílẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Bàbá mi dìde, ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Kò sí ẹni tó ní kí ẹnikẹ́ni dákẹ́.

Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, Ìyá Ńlá wọ yàrá rẹ̀, ó gbé agbè kékeré tí Dúródọlá fi ń lọ sódò jáde. Kò jù ú nù. Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló wà láti ọjọ́ náà. Ó gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́, ó fà á lọ́wọ́ lọ sí ìdí ọsàn lẹ́yìn ilé, ó sì fi ibi tí wọ́n sin ọmọ náà sí hàn án. Àṣà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá Ńlá ní bí àṣà bá ní ẹjọ́, kó wá bá òun nílé.

Ẹ má rò pé ìyá mi dìde lọ́jọ́ kejì kó máa kọrin. Ẹ̀yin fẹ́ràn ìtàn tó máa ń san lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣì da omi mìíràn, láwọn òwúrọ̀ kan, ó ṣì béèrè, a ó sì sọ fún un pé ó fọ́. Á jókòó, á sọ ìtàn ọmọ náà kan fún wa, ọ̀kan náà tó sọ lánàá, Ayọ̀ká á nu ilẹ̀, á máa pòṣé, á sì máa gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni omi dídà ń dínkù. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, mo ń ti igbó bọ̀, mo gbọ́ ọmọ odó, orin sì wà nínú rẹ̀. Ìdílé ọkọ Ayọ̀ká ránṣẹ́ pé àwọn ti rò ó tán, Ayọ̀ká ní òun ṣì ń rò ó. Ní ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, alágbẹ̀dẹ kò gbà á padà, ewúrẹ́ Ìyá Ńlá tó ń jẹ aṣọ ni a fi so.

Ìtàn mi dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ gbéra. Ẹ dìde, ilé Oyèlàmí kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí a padà tọ obìnrin yẹn lọ, kí a jókòó tì í. Bó bá bi yín léèrè ohunkóhun, òtítọ́ ni kí ẹ fi dá a lóhùn. Bí kò bá béèrè, ẹ panu mọ́, kí ẹ bi í pé kí ni orúkọ ọmọ náà nígbà tó bá tó àkókò. Kí ẹlẹ́pà fi ẹ̀pà rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Ẹ fà mí lọ́wọ́ dìde, èmi náà ń bọ̀.